Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àtàwọn àìsàn ọpọlọ míì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìtọ́jú

Èmi kì í ṣe dókítà. Mo ní àbúrò ọkùnrin kan tó jẹ́ télọ̀ l'Abẹ́òkúta. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún bí ọdún kan, èmi ni mo sì ń tẹ̀ lé e lọ sí kílíníìkì. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ta sáwọn èèyàn létí ni wọ́n ti ń pè mí lórí fóònù. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ọjà, ìgbà tí owó orí fóònù bá fẹ́ẹ̀ tán ni wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Àbúrò yín yẹn, kí lẹ ṣe fún un gan-an?" Mo ti dá wọn lóhùn títí, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo sọ nípa oògùn, ẹnu àwọn dókítà ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì kà á kún un. Oògùn ẹni tiyín, dókítà tó rí i lójúkojú ló máa sọ ọ́.

Ta ni kì í ronú ní Nàìjíríà yìí? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti di àìsàn?

Ìrònú ń wá, ó ń lọ. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ lè gba oorun lójú èèyàn lónìí, tó bá rówó náà lọ́la, á sùn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí àwọn kan ń pè ní ìsoríkọ́, kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì làwọn dókítà fi ń wọ̀n ọ́n. Tí inú èèyàn bá bàjẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn ò dùn mọ́ ọn mọ́, tí oorun tàbí oúnjẹ ẹ̀ yí padà, tó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣe iṣẹ́ kankan, tí ọkàn ẹ̀ ò pa pọ̀, tó ń dá ara ẹ̀ lẹ́bi ṣáá, tàbí tí ọ̀rọ̀ ikú ò kúrò lọ́kàn ẹ̀, ó ti tó gbé lọ sílé ìwòsàn.

Àmọ́ àwa Yorùbá kì í sábà wọlé tọ dókítà ká ní "inú mi bàjẹ́." Ara là ń kà. "Orí mi ń gbóná." "Àyà mi ń já." "Nǹkan ń rìn nínú orí mi bí èèrà," èyí táwọn àgbà ń pè ní ọdẹ orí. Àbúrò mi ní tiẹ̀ ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. A yẹ ibà wò, a yẹ táífọ́ọ̀dù wò, ó lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ ló yẹ kó là wá lójú. Aṣọ Iléyá àwọn oníbàárà wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Á jókòó sídìí ẹ̀rọ láàárọ̀, á gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí wọ́n ń tẹ̀, kò sì ní tẹ̀ ẹ́. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà la máa bá a. A ní ọ̀lẹ ti ń wọ̀ ọ́ lára. Àwọn àgbà ní orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Èmi rí ẹsẹ̀ náà o, mo kàn fẹsẹ̀ tèmi tẹ̀ ẹ́ kọjá ni.

Ṣé wèrè ni?

Rárá. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà mọ ibi tó wà, ó mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ayé ló kàn sú u. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tó gbà pé wọ́n ń lépa òun, tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò bára mu mọ́, ìyẹn làwa ń pè ní wèrè. Ìrẹ̀wẹ̀sì tó bá le kọjá ààlà lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà dé ibẹ̀.

Bàípólà tún wà, èyí tó ń gbéni sókè tó ń sọni sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan, onítọ̀hún ò sùn, ó ń náwó bí ẹni jogún, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Nígbà míì, kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Tẹ́ ẹ bá ti rí irú ìgbà òkè yẹn rí, kódà kó jẹ́ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ sọ fún dókítà. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan lè tún tì í gun òkè ni.

Wárápá kì í ṣe wèrè rárá. Ó ní oògùn tiẹ̀.

Ìyàwó ọmọ mi bímọ ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, kò sùn mọ́, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé wa. Ṣé ká dúró kó pé ogójì ọjọ́?

Ẹ má dúró, ìyá. Òní yìí ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn ìyá wa mọ àìsàn yìí, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: abísínwín. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń yára le. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀ pa pọ̀. Ó wà lára èyí tó ń gbọ́ ìtọ́jú dáadáa. Kì í ṣe àjẹ́, kò sì jẹ́wọ́ nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í pé kí ló ṣe.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ú lọ fíìfíì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá ọmọ á máa sunkún níkọ̀kọ̀, ọmọ ò ní wù ú gbé, á sì máa tijú láti sọ ọ́ torí gbogbo ilé ló ń kí i kú ewu. Ìyẹn náà ní ìtọ́jú, títí kan oògùn tí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè lò.

Yaba nìkan ni mo mọ̀. Ibo la máa gbé e lọ?

Gbogbo wa ló mọ Yaba, ó ti wà níbẹ̀ látọdún 1907, àwọn ọmọ Èkó sì ti sọ ọ́ di àwàdà. Àwàdà yẹn ló ń dá àwọn èèyàn dúró sílé. L'Abẹ́òkúta, Aro ni. Lantoro, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1944, kí wọ́n tó ṣí ti Aro fúnra ẹ̀ ní 1954. Ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ wà ní UCH n'Íbàdàn, ó wà ní LUTH l'Ékòó, ó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà.

Tí gbogbo ibẹ̀ bá jìnnà sí yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́nẹ́rà ìjọba tàbí ìlera alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí. Dókítà gbogboogbò lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò tíì le. Ohun kan tí mo máa bẹ̀ yín: ẹ má jẹ́ kó dá lọ. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti rẹ̀ á sọ fún dókítà pé "ó dáa, ó ti ń lọ," á sì padà sílé.

Kí ni wọ́n máa ṣe fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ìbéèrè ló pọ̀ jù. Ẹ má retí pé wọ́n máa ya àwòrán orí kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, kò sí ẹ̀rọ tó ń ya ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀, torí àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹṣẹ́ ọrùn (tí wọ́n ń pè ní thyroid) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa àtàwọn àìsàn míì lè fara jọ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á bá òun sọ̀rọ̀, wọ́n á bá ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀.

Ọjọ́ tiwa, aago méje àárọ̀ la débẹ̀, ó di aago kan kí wọ́n tó pè wá. Àbúrò mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Dókítà náà, ọmọdébìnrin kan tí mo rò pé kò tíì tó gbé fáìlì, fi bírò sílẹ̀ ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn rí pé ẹ fẹ́ kú?" Mo fẹ́ẹ̀ dìde kí n bá a jà. Àbúrò mi ní, "Lójoojúmọ́." Ohùn tó fi sọ ọ́, ṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹ̀. Oṣù mẹ́jọ la ti jọ ń gbé inú ilé kan náà.

Ṣé oògùn náà ò ní di bárakú fún un?

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, irú bíi amitriptyline, fluoxetine, sertraline àti escitalopram, kì í mú kí èèyàn máa wá a kiri bí ọtí tàbí igbó. Àwọn tó ń di bárakú ni Valium àti Lexotan táwọn kan ń dá rà ní kẹ́mísì nítorí àìsùn, tí wọ́n á sì lò ó fún ọdún mẹ́ta láìsọ fún dókítà kankan. Ẹ̀rù ìyẹn ló yẹ kó bà yín.

Kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó rí ìyàtọ̀, ó lè tó mẹ́fà kó tó hàn kedere, bẹ́ẹ̀ ìnira oògùn, bí ẹnu gbígbẹ tàbí inú rírú, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń dé. Ìyẹn ni pé ìyà ló ń ṣáájú oore, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 25, ẹ ṣọ́ ọ dáadáa, torí èrò ikú lè kọ́kọ́ le sí i. Ọwọ́ yín náà ni kí oògùn wà, kẹ́ ẹ máa fún un ní ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ara ẹ̀ ti yá. Ṣé kò lè dá oògùn dúró báyìí?

Tí mo bá ní ìbéèrè kan ṣoṣo láti dáhùn, èyí ni mo máa mú.

Amitriptyline ni wọ́n kọ́kọ́ fún àbúrò mi. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó béèrè ata nínú ọbẹ̀. Ní oṣù kẹta, ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wa ń dúpẹ́, ìyá wa se àsè. Ní oṣù karùn-ún, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní aago mẹ́ta òru. Mo ní àwọn ayé ni, mo fẹ́ gbé e lọ síbì kan tí n kò ní dárúkọ. Ìgbà tí mo ń gbọn bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ni oògùn dà sílẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, mo kà á, ó lé ní ogójì. Kí ló dé? Kò fẹ́ dáhùn. Nígbà tó máa sọ ọ́, ó ní òun ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Oògùn náà máa ń mú kí ojú ṣú síni nítòsí, télọ̀ tí kò bá sì lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ni yóò máa bá a fi í. Ojú tì í. Kò sọ fún wa, kò sọ fún dókítà, ó kàn ń fi oògùn sẹ́nu, tó bá yá, á tu ú jáde.

A padà lọ. Dókítà ò bínú, ó ní ká ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Ó rọra yí i sí sertraline. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì ló ná wa ní oṣù mẹ́rin.

Nítorí náà: lẹ́yìn tí ara bá ti yá tán, wọ́n á ṣì ní kó lò ó fún oṣù mẹ́fà sí i, ó kéré tán. Ẹni tó bá ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lò ó fún ọdún méjì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Tí àkókò àtidúró bá tó, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa dín in. Tí wọ́n bá já a lójijì, òòyì lè máa kọ́ ọ, oorun á dàrú. Oògùn tó bá ń ni í lára, ẹ sọ ohun tó ń ṣe fún un lọ́nà iṣẹ́ ẹ̀: awakọ̀ ni, oorun ń kùn ún, olùkọ́ ni, ẹnu ẹ̀ ń gbẹ, ọkọ ni, kò lè ṣe ojúṣe ilé mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn ọkùnrin kì í sọ, òun ló sì ń mú ọ̀pọ̀ wọn da oògùn nù.

Wọ́n ní kó máa lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ ń wo àìsàn ni?

Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́. Mo rò pé wọ́n máa gbà á níyànjú ni, bẹ́ẹ̀ ìyànjú ti yó o. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sàíkọ́lọ́jíìsì náà ní kó má rán aṣọ kankan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kó kàn dé ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́sàn-án, kó nu eruku ẹ̀rọ, kó ta epo sí i, kó máa lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ kejì, kó lẹ bọ́tìnnì mẹ́ta. Ó ní a kì í dúró kí ọkàn kọ́kọ́ fẹ́ kí ọwọ́ tó ṣe é, ọwọ́ ló ń fa ọkàn jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mú ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún ara ẹ̀, irú bíi "mo ti ba orúkọ bàbá mi jẹ́," wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ aṣọ wò, ibo ló ti ya?

Fún ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò le, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ nìkan lè tó. Tó bá le, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ oògùn. Kò sì di dandan kó jẹ́ ẹni tó ní dígírì. Ní Zimbabwe, dókítà kan, Dixon Chibanda, kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń jókòó pẹ̀lú èèyàn lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn, kí wọ́n jọ tú ìṣòro kan palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dán an wò dáadáa, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2016: ara àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yá ju àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ. Orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà lédè Shona ni kufungisisa, ìrònú àpọ̀jù. Ẹ ò rí i pé ọmọ ìyá ni wá.

Wọ́n fẹ́ fi iná mànàmáná sí i lórí! Ṣé ká gbà?

Orúkọ ẹ̀ burú ju òun fúnra ẹ̀ lọ. Róòmù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1938, ó sì le nígbà yẹn. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é lóde òní, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn mú un sùn, wọ́n á dẹ iṣan ara ẹ̀, iná díẹ̀ á kọjá, ó parí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa mú un sùn. Ẹni tí kò jẹun mọ́, tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, tàbí tí ikú ń pè gan-an ni wọ́n sábà ń ṣe é fún, torí ó máa ń yára ju oògùn lọ. Ó lè gbàgbé àwọn nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ láwọn àkókò yẹn.

Ṣé ká dá ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà tàbí babaláwo dúró?

Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ tí mo bá sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, dé láti Bírítéènì ní 1954, ilé ìwòsàn Aro ò tíì parí. Ó lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Láàárọ̀ wọ́n á gba ìtọ́jú, lọ́sàn-án wọ́n á wà láàárín ará abúlé, wọ́n á ṣiṣẹ́. Àmọ́ aláìsàn kankan ò gbọ́dọ̀ dá wá: ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ mú un bọ̀. Lambo sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ó di igbákejì olórí àgbà àjọ ìlera àgbáyé.

Ẹ̀kejì: àbájáde ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn ṣáájú ẹ̀ jáde ní 2020. Wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa lọ tọ́jú àwọn tó ní àìsàn wèrè nínú ilé àwọn oníṣègùn àti ilé àdúrà, n'Íbàdàn àti ní Kumasi ní Ghánà. Láàárín oṣù mẹ́fà, ara tiwọn yá ju ti àwọn tí oníṣègùn nìkan ń tọ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, tí pásítọ̀ bá ní kẹ́ ẹ gbààwẹ̀, ẹ̀yin tí ara yín le ni kẹ́ ẹ gbà á. Kí aláìsàn jẹun, kó lo oògùn.

Àgbo ni kẹ́ ẹ fura sí. Asofẹ́yẹjẹ táwọn baba wa fi ń wo wèrè kì í ṣe irọ́. Òyìnbó rí oògùn kan tí wọ́n ń pè ní reserpine nínú ìdílé igi yẹn ní 1952. Àmọ́ ó ń já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè kó ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá ẹni tí kò ní i. Ife àgbo ò ní òṣùwọ̀n. Tó bá ti mu ún, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má tijú.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ńkọ́? Ibi yòówù tí wọ́n bá ti fẹ́ de èèyàn yín mọ́lẹ̀, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó ní òun fẹ́ kú. Ṣé tí mo bá béèrè sí i, mi ò ní fi sí i lórí?

Ẹ ò ní fi sí i lórí, ó ti wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó béèrè. Ẹ bi í tààrà. Ẹ jókòó tì í, ẹ má sọ pé "ṣé o fẹ́ pa ìyá ẹ ni?" Ẹ kó oògùn, oògùn kòkòrò àti gbogbo ohun tó lè fi ṣe ara ẹ̀ léṣe kúrò nílé, kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tọ̀sán tòru. LUTH ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ SURPIN tó wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè pe 988, ẹni tó wà ní Bírítéènì lè pe 116 123, ọ̀fẹ́ ni, òru ò sì sí níbẹ̀.

"Ikú yá ju ẹ̀sín" tí à ń sọ yẹn, ẹ má sọ ọ́ létí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Lóòótọ́, òfin tí òyìnbó fi sílẹ̀, apá 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí kéèyàn gbìyànjú láti pa ara ẹ̀. Òfin ti Èkó sọ pé kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ gba ìtọ́jú ni, àwọn aṣòfin l'Abuja náà sì ti ń sọ̀rọ̀ àtiyí ti àpapọ̀ padà. Ẹ má torí rẹ̀ fi èèyàn pamọ́ sílé. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2023 ló rọ́pò òfin wèrè àtijọ́, ó sì fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́.

Ṣé ó lè ṣiṣẹ́, ṣé ó lè fẹ́yàwó?

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Igbó àti ọtí ni kó jìnnà sí. Igbó máa ń jí wèrè tó ti lọ sùn.

Èmi tí mò ń tọ́jú ẹ̀ ńkọ́?

Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè èyí rí, ìyá arúgbó kan láti Ìjẹ̀bú. Ó ti ń tọ́jú ọmọ ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ìyá, ẹ wá ẹni tó máa gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀, ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ti rẹ ẹ̀yin náà. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ga. Àbúrò mi kékeré ló wá ń gba oṣù kan, mo ń gba ìkejì.

Oṣù tó kọjá, oṣù tèmi ni, mo gbàgbé ọjọ́ kílíníìkì. Mo wà lọ́jà nígbà tí fóònù dún.

"Àǹtí mi, a ò lọ ni?"

Mo ní ibo?

Ó ní òun ti wọ bàtà.